Fọ́tò ilé àtijọ́ lórí páànù aluminiọ̀mù: ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe tilé dáadáa ná

Àǹtí tẹ́ ẹ béèrè láti Manchester, ẹ kú làákàyè o. Mo rí i tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ gbé fọ́tò ilé bàbá bàbá yín ní Ìsàlẹ̀ Èkó sórí páànù aluminiọ̀mù kẹ́ ẹ fi sí pálọ̀, pé àbúrò yín ti fi fóònù ya fọ́tò ọ̀hún lára ògiri ó ti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ṣé kẹ́ ẹ kàn gbé e fáwọn tó máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé e fún wọn. Iṣẹ́ yìí, ilé lọ́hùn-ún ló ti máa dáa tàbí kó bàjẹ́, torí páànù kì í bo àléébù rárá, gbogbo nǹkan tó bá wà nínú fáìlì yẹn ló máa gbé síta.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á kọ́kọ́ tẹ fọ́tò yẹn sórí bébà kan, wọ́n á da bébà náà dé páànù tí wọ́n ti fi ọ̀dà pàtàkì kan kùn, ẹ̀rọ á wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú iná bíi 200 digíríì Celsius, íǹkì yẹn á di afẹ́fẹ́ á sì wọnú ọ̀dà lọ. Inú ọ̀dà ló ń wà, kò kàn lẹ̀ mọ́ ojú ẹ̀ lásán, ìdí nìyẹn tí ò fi nílò gíláàsì, tẹ́ ẹ sì lè fi aṣọ tútù nù ún. Àmọ́ bó ṣe ń mọ́ kedere tó yẹn náà ni ibi tó bá ṣókùnkùn tàbí tó bá fẹ́lẹ́ nínú fáìlì ṣe máa hàn sí gbogbo àlejò. WhatsApp sì rèé, tí wọ́n bá fi fọ́tò ránṣẹ́ bíi fọ́tò, ó máa ń dín in kù kó lè tètè lọ.

Ohun tẹ́ ẹ máa sọ fún àbúrò yín nìyí. Kó gbé fọ́tò gangan lọ síbi tí wọ́n ti ní scanner tó dáa, kó má fi fóònù yà á bí ọ̀nà míì bá wà. Kí wọ́n scan ẹ̀ ní 600 dpi (ìyẹn iye àmì tí scanner ń kà nínú íǹṣì kan) ó kéré tán, tó bá jẹ́ fọ́tò kékeré bíi ti páálí ìdánimọ̀ kí wọ́n lọ sí 1200, kí wọ́n sì yan kọ́lọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé dúdú àti funfun ni fọ́tò náà, torí àwọ̀ ilẹ̀ tí ọjọ́ orí fún un yẹn, ẹ lè wá fẹ́ràn ẹ̀. Fọ́tò tó fẹ̀ ní íǹṣì 4 tó sì gùn ní íǹṣì 6, tí wọ́n bá scan ẹ̀ ní 600, á fún yín ní pixel (àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò) 2400 ní fífẹ̀ àti 3600 ní gígùn, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ tó íǹṣì 16 ní fífẹ̀ àti 24 ní gígùn tójú ò ní rí wàhálà kankan. Kí wọ́n fi pamọ́ bíi TIFF, irú fáìlì tí kì í dín fọ́tò kù, kó sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bíi document, tàbí kó gbé e sórí Google Drive. Ẹ̀yìn fọ́tò náà, kí wọ́n scan òun náà, sítáǹbù sítúdíò tàbí déètì tí ẹnì kan fi bírò kọ lè wà níbẹ̀. Àti nǹkan kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ tẹnu mọ́ dáadáa: kí àwọn business center má bá yín “tún un ṣe”. Wọ́n máa ń fẹ́ mú un tàn, wọ́n á nu ojú ògiri mọ́ títí tí gbogbo ọnà símẹ́ǹtì tí àwọn Àgùdà, àwọn tó padà dé láti Brazil, ṣe yí fèrèsé ká á fi pòórá, bẹ́ẹ̀ ọnà yẹn gan-an lẹ torí ẹ̀ ń náwó.

Tí fọ́tò bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù, kí ẹnikẹ́ni má fà á o, ó máa ya. Kí wọ́n yà á bẹ́ẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tóòrùn ò ràn sí tààrà, kí wọ́n pa fláàṣì, kí fóònù kọjú sí i gbọọrọ kí òpó ilé má baà wọ́, kí ẹnì kan sì na aṣọ dúdú sẹ́yìn ẹni tó ń yà á kí òjìji má baà hàn nínú gíláàsì.

Ilé ẹbí sì ni, ẹ pe àgbà tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé fọ́tò kúrò lára ògiri. Bẹ́ ẹ bá ti ń bá wọn sọ ọ́, ẹ bi wọ́n ta ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ta ló kọ́ ilé, kẹ́ ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ò ní fọ́tò ẹbí tẹ́ ẹ sì fẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ wo àwọn fọ́tò Colonial Office, iléeṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso nígbà yẹn, tó wà ní The National Archives ní Kew, London, CO 1069 ni nọ́ńbà ẹ̀, wọ́n ti gbé púpọ̀ nínú ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ orúkọ Africa Through a Lens. Nílé, National Archives wà nínú ọgbà University of Ibadan, ẹni tẹ́ ẹ bá rán lọ, kó mú ìwé ìdánimọ̀ dání kó sì mọ ohun tó ń wá kó tó débẹ̀: Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ti 1894, Mapo Hall ti 1929, ẹ dárúkọ ẹ̀ ní pàtó. Ó ń dùn mí pé Ilojo Bar, ilé àwọn Àgùdà ní Tinubu Square l'Ékòó, tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí wọ́n kéde ní 1956 pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ni, wọ́n wó o ní 2016, fọ́tò nìkan ló kù fún wa báyìí.

Ní ti títẹ̀, ibi tẹ́ ẹ wà ni kẹ́ ẹ ti tẹ̀ ẹ́, torí tí wọ́n bá gbé páànù tinrin wọ báàgì láti Èkó, igun ẹ̀ á ká. Wọ́n á bi yín bóyá ẹ fẹ́ ìdí funfun tàbí kí páànù fúnra ẹ̀ máa hàn. Íǹkì yẹn ò ní funfun, ibi tó yẹ kó funfun, páànù ló máa hàn níbẹ̀, á máa dán bíi fàdákà. Ó wuyì fún fọ́tò tó ní òjìji tó ki àti oòrùn ọ̀sán, àmọ́ fún fọ́tò tó ti ṣá bíi tiyín, ìdí funfun tí ò dán ni màá mú, kò ní jẹ́ kí gílóòbù máa kọ sí i lójú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e kọ́, kí àárín ẹ̀ wà ní bíi 145 sí 150 sẹ̀ǹtímítà láti ilẹ̀, ẹ má sì kọ́ ọ síbi tóòrùn ti ń kọlù ú tààrà, á ṣá.

Tí fáìlì bá ti dé, ẹ sọ iye pixel tó jẹ́ àti ìwọ̀n ògiri yín fún wa níbí, ká bá yín ṣírò bó ṣe máa tóbi tó.