Ṣé odò ọba ni Odò Ọbà?

Ẹnì kan béèrè ìtumọ̀ orúkọ odò tí wọ́n sé fún omi ẹ̀rọ Ògbómọ̀ṣọ́: ṣé ọba kan ni ó ni ín ni, gẹ́gẹ́ bí pátákó tí kò ní àmì ohùn ṣe ń mú kí èrò ọ̀nà kà á? Rárá o. Ọbà ni orúkọ odò náà, ohùn ìsàlẹ̀ ni ó sì gbẹ̀yìn rẹ̀. Ohùn àárín méjì ni a fi ń pe ọba aládé.

Ìyàwó Ṣàngó, Aláàfin Ọ̀yọ́, ni Ọbà. Ìtàn sọ pé òun, Ọya àti Ọ̀ṣun jẹ́ orogún, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì di odò. Ọ̀ṣun ni ó fi gèlè bo etí rẹ̀ méjèèjì, tí ó sọ fún Ọbà pé etí òun ni òun gé sínú ọbẹ̀ tí ọkọ wọn ń jẹ ní àjẹpọ́nnulá, bẹ́ẹ̀ olú ni ó wà nínú ìkòkò. Ọbà gbà á gbọ́, ó gé etí tirẹ̀ se ọbẹ̀. Nígbà tí Ṣàngó rí etí nínú oúnjẹ, inú bí i gidigidi. Ọbà sá kúrò nílé pẹ̀lú ẹkún, ó sì di omi. Ìdí nìyí tí ẹni tí Ọbà bá gùn ní Bùràsílì àti Kúbà fi máa ń fi ọwọ́ bo etí kan bí ó ti ń jó. Ó dùn mí pé àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun kò gbàgbé ọgbẹ́ obìnrin yìí, tí àwa tí a ń gba orí afárá rẹ̀ láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ sì ń pè é ní ọba.

Àwọn àgbà tún máa ń sọ pé ibi tí Ọbà ti pàdé Ọ̀ṣun, omi ibẹ̀ a máa hó, nítorí pé ìjà orogún náà kò tíì parí. Lójú tèmi, ohun tí ojú rí ni wọ́n fi ìtàn dì mú. Òjò ni ó ń bọ́ Ọbà. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, a máa fà, àpáta a yọ, àwọn àgbẹ̀ a sì dá àkùrọ̀ sí bèbè rẹ̀, èyí tí Yorùbá ń pè ní etí odò, ọ̀rọ̀ tí n kì í gbọ́ níbẹ̀ kí n má rántí Ọbà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò oṣù kẹsàn-án bá dé, odò a kún, a sì fi agbára ya wọ inú Ọ̀ṣun tí ó tóbi jù ú lọ.

Ní 1964 ni wọ́n sé e nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́, kí ará ìlú lè rí omi ẹ̀rọ. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń ṣàn lọ sí ìhà gúúsù, títí ó fi dé agbègbè Ìwó, tí oríkì rẹ̀ jẹ́ “Ìwó olódò Ọbà”. “Oní” àti “odò” ni ó para pọ̀ di “olódò”: àwọn tí wọ́n tẹ̀dó sí ẹ̀bá odò náà tí wọ́n sì fi ṣe tiwọn. Ẹ tẹ́tí sí ẹni tí ó ń ki Ìwó. Ohùn ìsàlẹ̀ yẹn kì í sọnù lẹ́nu rẹ̀.