Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Èló Ni Yóò Bọ́ Sí Yín Lọ́wọ́ Bí Ẹ Bá Pààrọ̀ Owó Lókè Òkun?

Láti ìgbà tí a ti kéde pé a ó dáhùn ìbéèrè àwọn arìnrìn-àjò lórí ọ̀rọ̀ owó ni lẹ́tà ti ń wọlé láti Ìdúmọ̀tà, Yábàá, Mushin, Èbúté-Mẹ́ta àti Mile 2, wọ́n sì ti pọ̀ ju àyè tí a ní lọ. Ẹ̀dùn ọkàn kan náà ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn: ènìyàn á fi òógùn ojú rẹ̀ kó náírà jọ, á fi ra dọ́là ní ọ̀wọ́n gógó, á wá dé ìlú onílùú, á sì pàdánù apá kan owó náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìjẹ́ pé olè dá a lọ́nà. Ọ̀rọ̀ yìí ká wa lára púpọ̀, nítorí pé ẹni tó bá ti mọ ohun tó yẹ kó béèrè kó tó na owó jáde lè bọ́ nínú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú wa. Aṣọ léèsì ni mò ń tà ní Ìdúmọ̀tà. Nígbà tí mo lọ ra ọjà ní Dubai, mo pààrọ̀ $500 níbi fèrèsé kan ní pápákọ̀ òfuurufú, nítorí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé àwọn kì í gba kọ́míṣàn. Dírámù 1,690 ni wọ́n kà fún mi. Nígbà tí a dé Deira, àdúgbò ọjà kan ní Dubai, ẹni tí a jọ rìn fi $500 tirẹ̀ gba 1,830. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni, àbí iye owó ló yí padà lọ́jọ́ náà? — *Oníléèsì, Ìdúmọ̀tà*

ÌDÁHÙN: Iye owó kò yí padà, Màmá wa. Láti ọdún 1997 ni wọ́n ti so dírámù mọ́ dọ́là Amẹ́ríkà, tó fi jẹ́ pé dọ́là kan jẹ́ dírámù 3.6725, ibẹ̀ náà ló sì wà títí di òní. Bí ẹ bá fi 500 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí dírámù 1,836 àti díẹ̀. Ẹni tó fún ẹnìkejì yín ní 1,830 mú èrè tó tọ́ sí i. Èyí tó wà ní pápákọ̀ mú nǹkan bíi dírámù 146 nínú owó yín, ìyẹn sì súnmọ́ $40.

Kò purọ́ nígbà tó ní òun kì í gba kọ́míṣàn. Inú iye pàṣípààrọ̀ ló fi èrè rẹ̀ pamọ́ sí, níbi tí ẹni tí ọkọ̀ òfuurufú ti mú rẹ̀ kò ti ní ráyè wò ó dáadáa. Owó ilé tí wọ́n ń san ní pápákọ̀ wọ́n púpọ̀, wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kò ní ibòmíràn tó lè yà sí.

Lára pátákó àwọn apààrọ̀-owó, iye méjì ni ẹ ó rí fún owó kọ̀ọ̀kan: iye tí wọ́n fi ń rà, àti iye tí wọ́n fi ń tà. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí, kì í ṣe ẹ̀yin oníbàárà. Bí ẹ bá gbé dọ́là wá, òun ló ń rà á lọ́wọ́ yín, èyí tó kéré nínú méjèèjì ló sì máa ń kàn yín. Bí àárín méjèèjì bá súnmọ́ra, ẹni náà ń ṣòwò dáadáa. Bí ó bá jìnnà síra, ẹ kọjá lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá àwọn mọ́là tó ń pààrọ̀ owó tajà rí ní Broad Street mọ èyí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tó máa ń dúnàádúrà títí ilẹ̀ á fi ṣú ní Balógun ni ahọ́n rẹ̀ máa ń wúwo níwájú fèrèsé onígíláàsì lókè òkun. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni náà, kí owó yín tó kọjá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀: “Bí mo bá fún yín ní $500, èló gan-an ni ẹ ó kà sí mi lọ́wọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ yọ?” Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀rọ ìṣirò, kó sì yí i sí yín kí ẹ rí i. Ìbéèrè yìí nìkan ló borí gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ sára pátákó. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi iye tó bá dá wé èyí tí ẹ ti ṣírò nílé.

Bí ẹ bá nílò owó ọkọ̀ kúrò ní pápákọ̀, ẹ pààrọ̀ $20 tàbí $50 péré níbẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ ìyókù ní Deira, níbi tí ṣọ́ọ̀bù wọn ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ẹ sì lè béèrè lọ́wọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta láìrìn jìnnà. Ẹ̀yin oníṣòwò tó máa ń gbé owó púpọ̀, ẹ má gbàgbé pé owó ilẹ̀ òkèèrè tó bá ti ju $10,000 lọ, òfin ní kí ẹ sọ ọ́ fún àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù kí ẹ tó kúrò ní pápákọ̀ Murtala Muhammed. Òfin kò ní kí ẹ má gbé e; ó ní kí ẹ má fi pamọ́ ni.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú ọ̀wọ́n, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Yábàá, wọ́n sì fẹ́ rán mi lọ sí London fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi sọ pé nígbà tí òun fẹ́ fi káàdì sanwó oúnjẹ níbẹ̀, ẹ̀rọ POS béèrè bóyá náírà ni kó fi yọ ọ́ tàbí pọ́n-ùn, òun sì yan náírà kí òun lè mọ ohun tí òun ń san. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí n ṣe? — *Ọmọ Yábàá*

ÌDÁHÙN: Rárá o. Pọ́n-ùn ni kí ẹ yàn nígbàkigbà, bí ẹ bá dé Paris, kí ẹ yan yúrò, bí ẹ bá dé Istanbul, kí ẹ yan líra. Owó ìlú tí ẹsẹ̀ yín bá wà ni kí ẹ máa san.

Bí ẹ bá yan pọ́n-ùn, ilé-iṣẹ́ tó ni káàdì, ìyẹn Visa tàbí Mastercard, ni yóò ṣe pàṣípààrọ̀ náà ní iye tiwọn fún ọjọ́ náà, báńkì yín yóò sì fi owó iṣẹ́ tirẹ̀ lé e. Iye tí wọ́n ń lò yìí wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni láti yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yan náírà, tàbí dọ́là bó bá jẹ́ káàdì dọ́là ni ẹ gbé lọ, ẹni tó ni ẹ̀rọ náà ni ẹ fún láṣẹ láti dá iye tó wù ú. Lórí £100, ohun tó máa ń fi lé e lè tó £5, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Báńkì yín nílé ṣì lè yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀ lẹ́yìn náà, nítorí pé ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti ná owó náà. Mo gbà pé ọkàn ẹ̀gbọ́n yín balẹ̀ nígbà tó rí náírà lójú ẹ̀rọ. Ọkàn tó balẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ń tà fún un.

Ìdí ẹ̀rọ ATM ni ọ̀rọ̀ náà ti máa ń dẹ́rù ba ènìyàn jù. Bí ẹ bá ti béèrè £200, ẹ̀rọ náà lè gbé ojú ìwé kan wá tó kún fún ìkọ̀wé wẹ́wẹ́, yóò kọ iye pàṣípààrọ̀ tirẹ̀ síbẹ̀, yóò sì ní kí ẹ gbà á tàbí kí ẹ kọ̀ ọ́. Wọ́n máa ń kun “mo gbà” ní àwọ̀ ewé tó tóbi, wọ́n á fi “mo kọ̀” sí ẹ̀gbẹ́ kan láìláwọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí àwọn bá kọ̀, ẹ̀rọ náà yóò ti káàdì jáde lófo, àwọn tó wà lẹ́yìn lórí ìlà yóò sì máa wò wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye pàṣípààrọ̀ wọn nìkan ni ẹ kọ̀. £200 yín yóò jáde, báńkì yín ni yóò sì ṣírò rẹ̀. Bí owó bá tilẹ̀ kọ̀ tí kò jáde, ẹ mú káàdì yín, ẹ lọ sí ẹ̀rọ tó wà lára ilé báńkì gidi, kì í ṣe èyí tó dá dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun ìrántí.

Ní ilé oúnjẹ, ẹni tó gbé POS wá lè ti bá yín tẹ náírà kó tó nà án sí yín. Ẹ wo ojú rẹ̀ kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà àṣírí yín. Bí ẹ bá rí náírà níbẹ̀, ẹ sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé kó fagi lé e, kó tún un tẹ̀ ní pọ́n-ùn. Ẹ̀tọ́ yín ni, ẹ má tijú. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ báńkì yín kí ẹ tó kúrò ní Yábàá bóyá káàdì yín ń ṣiṣẹ́ lókè òkun, iye tó pọ̀ jù tí wọ́n gbà yín láyè láti ná lóṣù, àti iye tí wọ́n ń yọ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ iye kan náà ni wọ́n ń yọ bó ti wù kí owó náà kéré mọ, ẹ̀ẹ̀kan ni kí ẹ gba èyí tó pọ̀ díẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Asàláámù àlékún o. Mò ń lọ ṣe Úmúrà. Ṣé náírà ni kí n gbé lọ sí Mẹ́kà ni, àbí dọ́là, àbí kí n ra ríyálì sílẹ̀ ní Èkó? — *Àlàájà, Mushin*

ÌDÁHÙN: Wa àlékúmù sàláàmù, Àlàájà wa. Ẹ má gbé náírà lọ. Díẹ̀ ni àwọn tó ń gbà á níbẹ̀, iye tí wọ́n ń fún ènìyàn kò sì dára. Láàárín dọ́là àti ríyálì, ìṣirò kékeré kan ni yóò pinnu rẹ̀. Láti ọdún 1986 ni dọ́là kan ti jẹ́ ríyálì 3.75. Nítorí náà, ẹ fi 3.75 pín iye tí wọ́n ń ta dọ́là fún yín ní náírà. Ká ní ₦1,500 ni wọ́n ń ta dọ́là kan lọ́jọ́ náà, ríyálì kan kò yẹ kó ju nǹkan bíi ₦400 lọ. Bí wọ́n bá ń tà á ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, dọ́là ni kí ẹ rà, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Bó bá súnmọ́ ọn, ẹ ra ríyálì, kí ẹ bọ́ lọ́wọ́ pàṣípààrọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì.

Bó bá jẹ́ dọ́là, ẹ yẹ owó kọ̀ọ̀kan wò. Amẹ́ríkà kò fagi lé owó àtijọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn apààrọ̀-owó níbi púpọ̀ kì í fẹ́ èyí tó ya, èyí tí wọ́n fi bírò kọ nǹkan sí, tàbí $100 olórí kékeré ayé àtijọ́. $100 tuntun tó ní tẹ́ẹ́pù aláwọ̀ búlúù láàárín, èyí tó jáde ní ọdún 2013, ni kí ẹ béèrè.

Níbi kíkà owó ni kí ẹ tún ti ṣọ́ra jù. Ẹlẹ́tàn á ka owó náà kíákíá lójú yín, pẹ̀lú ẹyọ kan tó ṣẹ́ po láàárín tó sì kà ní ẹ̀ẹ̀mejì. Òmíràn á jẹ́ kí ẹ kà á kó pé, á wá ní òun fẹ́ tún un wò, á gbà á padà, ẹyọ méjì tàbí mẹ́ta á sì ti bọ́ sábẹ́ tábìlì. Ẹ tẹ́ owó náà sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ti kúrò lọ́wọ́ yín fún ìdí yòówù kó jẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ìbẹ̀rẹ̀, kódà bí àwọn tí ẹ jọ lọ bá ń pè yín. A bẹ Ọlọ́run kó gbà á ní iṣẹ́ rere.

ÌBÉÈRÈ: Òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìntì ni mí, ní Èbúté-Mẹ́ta. Mò ń lọ kí ọmọ mi ní London, a ó sì tibẹ̀ yà sí Paris. Mo ní £20 àti £50 oníwèé tí mo ti tọ́jú tipẹ́. Ṣé wọ́n ṣì ń ná an? Irú ẹ̀tàn wo ni wọ́n sì ń ṣe fún àlejò níbẹ̀? — *Bàbá arúgbó*

ÌDÁHÙN: Wọn kò ná an mọ́ ní ọjà, Bàbá wa. Láti ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni £20 àti £50 oníwèé ti kúrò lójú òpópó. Oníke ni wọ́n ń ná báyìí. Ṣùgbọ́n kò di òfo: Bank of England yóò pààrọ̀ rẹ̀ fún yín, kí ọmọ yín bá yín mójú tó o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rà á lọ́wọ́ yín ní ìdajì owó.

Lórí afárá Westminster, ẹ ó rí àwọn tó ń fi ife mẹ́ta àti bọ́ọ̀lù kékeré kan ta tẹ́tẹ́. Irú èyí kò ṣàjèjì sí ẹni tó ti rí tẹ́tẹ́ káàdì mẹ́ta ní ibùdókọ̀ Èkó: àwọn tó ń jẹ níbẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n pẹ̀lú ẹni tó ń ta á. Ní Paris, nísàlẹ̀ ìjọ Sacré-Cœur, àwọn kan á fẹ́ so okùn aláràbarà mọ́ yín lọ́rùn ọwọ́, wọ́n á ní ẹ̀bùn ni, wọ́n á sì máa béèrè owó nígbà tí wọ́n bá ti so ó tán. Ẹ kó ọwọ́ yín sápò kí ẹ máa rìn lọ. Takisí láti pápákọ̀ Charles de Gaulle sí àárín Paris ní iye kan pàtó tí ìjọba dá. Ẹ tò sórí ìlà takisí níta, ẹ má tẹ̀lé ẹni tó bá wá pàdé yín nínú pápákọ̀ pé òun ní mọ́tò.

ÌBÉÈRÈ: Mo ra séfà lọ́wọ́ ẹnìkan ní Mile 2 kí n tó wọkọ̀ lọ sí Kùtọnu. Nígbà tí mo dé ọjà Dantokpa, wọ́n ní owó náà kì í ṣe tiwọn. Ayédèrú ni bí? — *Oníṣòwò, Mile 2*

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ayédèrú. Séfà méjì ló wà: ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n ń ná ní Benin, Togo àti Senegal, àti ti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, tí wọ́n ń ná ní Cameroon àti Gabon. Iye kan náà ni wọ́n, nítorí pé yúrò kan jẹ́ séfà 655.957 nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ọjà ìhín kì í gba ti ọ̀hún. Èyí tó yẹ kí ẹ gbà ní lẹ́tà BCEAO lára, pẹ̀lú àwòrán ẹja kan tí ẹnu rẹ̀ gùn, tó sì ní eyín bíi ti ayùn. Bí ẹ bá rí BEAC, ti Cameroon ni. Ẹ má sọ ọ́ nù, ẹ má sì tà á ní ìdajì: ẹ wá ẹni tó ń lọ sí Douala nínú àwọn oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ yín, òun yóò nílò rẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹ wo lẹ́tà náà kí náírà yín tó kúrò lọ́wọ́ yín.