Ẹ má fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilé amọ̀ yín

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè láti Zaria, pé ẹbí fẹ́ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilé amọ̀ bàbá ńlá yín kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ dá wọn dúró. A ti ṣe é rí, ó ń dùn mí di òní.

Ilé bàbá bàbá mi wà ní Ayagi, àdúgbò tí àwọn Yorùbá ti pẹ́ sí nínú ìlú àtijọ́ Kánò. Lọ́dún 2010 a dáwó jọ, a pe bíríkìlà, ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ látòkè délẹ̀. Ilé dán, inú wa dùn. Nígbà òjò ọdún kejì, ògiri tó kọjú síta wó lóru. Ọlọ́run ló yọ wá, ẹnì kankan ò sùn níbẹ̀.

Bàbá arúgbó kan tó jẹ́ magini, ìyẹn mọlémọlé lédè Hausa, ló fọwọ́ bu amọ̀ náà hàn wá: ó rọ̀ bí ẹ̀bà. Amọ̀ ń mu omi, oòrùn á sì tún fà á jáde lára rẹ̀. Sìmẹ́ńtì ló dínà. Omi gba ibi tó sán lókè wọlé, kò rọ́nà jáde, ó bá lọ jókòó sí ìdí ògiri.

Bàbá ní ká bó gbogbo sìmẹ́ńtì tó kù. Ó fi tubali, bíríkì amọ̀ ṣónṣó tí wọ́n ń fọwọ́ mọ, gbé ògiri dìde. Ó pààrọ̀ azara méjì lára àjà, igi tí ikán kì í jẹ. Lẹ́yìn náà ló rẹ èèpo èso igi irú sómi, ó fi po amọ̀ tó fi rẹ́ ẹ. Makuba nìyẹn, òun ni kì í jẹ́ kí òjò tètè wọ ògiri. Ẹ yẹ indararo yín wò pẹ̀lú, ọ̀pá tó ń da omi òrùlé síta. Tó bá kúrú, ìdí ilé ni omi ń dà sí.

Ọdọọdún là ń tún un rẹ́. Àwọn Hausa aládùúgbò wa ló kọ́kọ́ bá wa ru amọ̀. Ní báyìí, ilé mẹ́rin la jọ ń pe magini kan, a sì jọ ń san owó rẹ̀.

Ẹ má dúró de ìjọba. Láti 1959 ni òfin ti ń dáàbò bo odi Kánò, síbẹ̀ àwọn èèyàn ń wa amọ̀ rẹ̀ lọ, wọ́n tún kọ́ ṣọ́ọ̀bù sídìí rẹ̀. Bí ẹbí bá ní amọ̀ kì í pẹ́, ẹ mú wọn lọ sí Gidan Makama ní Kánò, ilé amọ̀ àtijọ́ tó ti di mùsíọ́mù, tó ti wà láti ọ̀rúndún 15.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ilé yín, ẹ ya fọ́tò gbogbo ọnà ara ògiri. A ò ya tiwa. Èyí tí bàbá bàbá mi fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sẹ́nu ọ̀nà bá ògiri yẹn lọ.