Èsì: Kóòṣì tó ń dá ọmọ dúró kò ṣàṣejù

Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ ní kóòṣì béèsìbọ́ọ̀lù yín, tó ti fi bọ́ọ̀lù jíjù jẹun rí, ń ka iye ìgbà tí ọmọ ọdún 11 yín jù ú, tó bá sì pé, á ní kó jókòó. Ẹ ń bèèrè bóyá ó ń kẹ́ ẹ jù. Rárá o! Ẹ di ọkùnrin yẹn mú.

Ìgúnpá ló ń bà jẹ́ lára àwọn ajùbọ́ọ̀lù. Iṣan ìgúnpá òsì Tommy John, ajùbọ́ọ̀lù ará Amẹ́ríkà kan, já lọ́dún 1974. Dókítà Frank Jobe mú iṣan láti apá ọ̀tún rẹ̀ fi tún un ṣe. Kò gbá bọ́ọ̀lù kankan ní 1975, ó padà ní 1976, ó sì ṣe é títí di 1989. Àgbàlagbà nìyẹn. Egungun ọmọdé ṣì ń dàgbà ní tirẹ̀.

Ìlànà Pitch Smart ti Amẹ́ríkà, tó wà láti dáàbò bo apá àwọn ọmọ tó ń ju bọ́ọ̀lù, ní kí ọmọ ọdún 11 àti 12 má ju bọ́ọ̀lù kọjá ìgbà 85 lójúmọ́; tó bá ti tó ìgbà 66, kó sinmi ọjọ́ mẹ́rin. Tí apá bá ti rẹ̀ ẹ́, ìjù rẹ̀ á yí padà, bí agúnyán tó rẹ̀ tó ń gún etí odó, ìgúnpá ló sì máa jẹ ìyà rẹ̀.

Tó bá ní ó ń dun òun, ẹ má fi róòbù ra á kó padà sí pápá. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà eegun. Bó bá tún ń jù níléèwé, ẹ sọ fún kóòṣì kó kà á mọ́ ọn.