Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Àwọ̀ Aró Tí Kò Tán Nínú Ọ̀pá Ìbọn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin Olóòtú wa. Ìbọn ráífù ọdẹ kan wà lọ́wọ́ mi, oníwọ̀n .270, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì pé lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá. Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí ọta rẹ̀ kì í ba ojú kan náà mọ́ bí mo bá ń ta á sí àmì. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Amẹ́ríkà fi agolo oògùn ìfọbọn kan ránṣẹ́ sí mi, irú èyí tí a ń fọ́n sínú ọ̀pá ìbọn tí yóò sì máa hó. Mo fọ́n ọn, mo dúró, mo fi búrọ́ọ̀ṣì idẹ gbo inú rẹ̀, mo wá fi aṣọ funfun nù ún. Aṣọ náà jáde pẹ̀lú àwọ̀ aró. Mo tún un ṣe títí ó fi sú mi, àwọ̀ aró náà kò tán. Ṣé kì í ṣe pé oògùn yìí ti ń jẹ irin ìbọn mi? — Ọdẹ kan, Ìjẹ̀bú-Òde.

ÌDÁHÙN: Kí ọkàn yín balẹ̀ ná. Irin kì í sọ oògùn yìí di aláwọ̀ aró. Bàbà ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ibi méjì sì ni bàbà ti lè wá nínú iṣẹ́ tí ẹ ṣàlàyé yẹn.

Ibi àkọ́kọ́ ni inú ọ̀pá ìbọn fúnra rẹ̀. Ọta ráífù òde òní kì í sábà jẹ́ òjé lásán. Òjé wà nínú lóòótọ́, ṣùgbọ́n èèpo tí wọ́n fi bò ó jẹ́ àdàpọ̀ bàbà àti síńkì, tí ó sábà máa ń jẹ́ bàbà 95 àti síńkì 5 nínú ìpín 100. Bí ọta .270 bá ń gba inú ọ̀pá kọjá, tí ó sì ń jáde pẹ̀lú ìyára nǹkan bí 900 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ooru àti ìfúnpá yóò mú kí èèpo bàbà yẹn máa ha mọ́ àwọn ìlà lílọ́ tí wọ́n gbẹ́ sínú ọ̀pá láti mú kí ọta máa yí. Bàbà yóò lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀, èéfín ẹ̀tù tó jóná yóò bò ó, bàbà mìíràn yóò tún lẹ̀ lé e, títí àwọn ìlà náà kò fi ní lè di ọta mú bákan náà mọ́. Ó ṣeé ṣe kí èyí ni ó ń mú kí ọta yín máa fọ́n káàkiri lójú àmì. Ọ̀pá tí inú rẹ̀ ṣe háráhárá, yálà láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é tàbí nítorí ìpẹtà àtijọ́, a máa gba bàbà ju èyí tí inú rẹ̀ ń dán lọ.

Ibi kejì ni búrọ́ọ̀ṣì yín, ibẹ̀ gan-an ni mo sì rò pé ìṣòro yín wà. Kò sí idẹ tí kò ní bàbà nínú. Oògùn tí wọ́n ṣe láti yọ bàbà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín bàbà ọta àti bàbà búrọ́ọ̀ṣì. Ó ń jẹ méjèèjì, ó sì ń fi àwọ̀ aró kan náà hàn yín. Ẹ lè dán an wò láìfọwọ́ kan ìbọn rárá: ẹ fọ búrọ́ọ̀ṣì náà mọ́, kí ẹ gbé e lé aṣọ funfun, kí ẹ fọ́n oògùn díẹ̀ sí i lára, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìwọ̀n àkókò tí ẹ máa ń fi oògùn sínú ìbọn. Bí aṣọ bá mú àwọ̀ aró, ẹ ti rí ohun tó ń tàn yín jẹ. Orí idẹ tí a máa ń so mọ́ ọ̀pá ìfọbọn láti fi ti aṣọ wọlé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì onírun ike àti orí tí kì í ṣe idẹ ni ẹ ó máa lò pẹ̀lú oògùn yìí.

Bí ẹ bá ti wá irinṣẹ́ wọ̀nyí, ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lákọ̀tun. Ẹ kó gbogbo ọta kúrò nínú ìbọn àti nínú yàrá, ẹ yọ irin tí ń ti ọta wọlé, kí ẹ sì fi ojú ara yín wo inú ọ̀pá náà láti ìdí dé ẹnu kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá náà tutù bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ta á tán. Ẹ fi oògùn ìfọbọn lásán yọ èéfín dúdú tó wà lókè ná, nítorí pé ìfófó náà kò lè jẹ bàbà tí kò kàn. Lẹ́yìn èyí, ẹ ti ẹnu rọ́bà kékeré tó bá agolo wá bọ ìdí ọ̀pá, kí ẹ fọ́n ìfófó náà títí díẹ̀ yóò fi yọ lẹ́nu ìbọn. Ẹ gbé ìbọn náà kí ẹnu rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ìdí lọ, kí oògùn má bàa ṣàn padà sí ibi tí a ń fà tàbí sára igi ìbọn, nítorí pé ó lè ba ọ̀dà ara igi náà jẹ́. Agolo fúnra rẹ̀ ni yóò sọ iye àkókò tí ẹ ó fi dúró. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ń béèrè ìṣẹ́jú 15 sí 30, àwọn kan tí kò ní amóníà nínú sì wà tí àwọn tó ṣe wọ́n gbà kí ó sun inú ìbọn mọ́jú. Èyí tó bá ní amóníà nínú, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kọjá àkókò tí wọ́n kọ sí i, nítorí pé òun ni ó lè wá ba irin jẹ́.

Bí ẹ bá ń nù ún, láti ìdí ni kí aṣọ ti wọlé, kí ó sì gba ẹnu jáde. Ẹ má fi í lọ kí ẹ tún fà á bọ̀. Etí ẹnu ìbọn ni ohun ìkẹyìn tí ọta ń fara kàn kí ó tó lọ, bí ọ̀pá ìfọbọn bá sì jẹ etí náà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ìbọn náà kò ní ta sójú kan mọ́, kò sì sí oògùn agolo tó lè tún un ṣe. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ìbọn tí ìfọkúfọ̀ọ́ bàjẹ́ pọ̀ ju èyí tí bàbà bàjẹ́ lọ.

Ẹ tún un ṣe títí aṣọ yóò fi jáde láìní àwọ̀ aró, kí ẹ wá fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kí ẹ sì fi epo ìbọn díẹ̀ pa á. Ẹ má fi àpò awọ tọ́jú rẹ̀, pàápàá ní àsìkò òjò níhìn-ín, nítorí pé awọ a máa fa ọ̀rinrin mọ́ irin lára. Ẹ nu epo náà kúrò kí ẹ tó tún ta á. Ó sì lè jẹ́ pé ọta mélòó kan àkọ́kọ́ lẹ́yìn fífọ̀ báyìí yóò bọ́ sí ibòmíràn díẹ̀. Ẹ má tìtorí rẹ̀ yí ojú ìwòran ìbọn padà, ẹ jẹ́ kí inú ọ̀pá náà fara rọ ná. Nítorí èyí ni n kò ṣe fara mọ́ ọn kí ènìyàn máa yọ bàbà lẹ́yìn gbogbo ìgbà tó bá ta ìbọn. Bí ọta bá ṣì ń ba ojú kan, èéfín ẹ̀tù nìkan ni kí ẹ máa nù.

Ohun kan kù tí n kò gbọdọ̀ fò. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí oògùn yìí àti Hypo tí a fi ń fọ aṣọ pàdé nínú abọ́ kan náà tàbí lórí aṣọ kan náà. Bí amóníà bá pàdé Hypo, èéfín olóró ni yóò jáde, ó sì lè pa ènìyàn nínú yàrá tí a tì pa.

ÌBÉÈRÈ: Ṣakabùlà ni èmi ń lò, kẹrosíìnì ni mo sì fi ń fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ìpẹtà kò jẹ́ kí n sinmi. Ṣé oògùn oníìfófó tí àwọn oníráífù ń lò lè ràn mí lọ́wọ́? — Ọmọ ẹgbẹ́ ọdẹ, Ìpẹru Rẹ́mọ.

ÌDÁHÙN: Kò lè ràn yín lọ́wọ́, nítorí pé bàbà kọ́ ni ó wà nínú ìbọn yín. Àwọn ìbọn Snider tí àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú gbé lọ sí ogun Ìmàgbọn ní ọdún 1892 pàápàá kò ní ìṣòro bàbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ráífù ni wọ́n: òjé lásán ni wọ́n ń ta, ìyára ọta wọn kò sì tó ìdajì ti .270. Ẹ̀tù tí kì í rú èéfín, èyí tí àwọn ọmọ ogun Faransé kọ́kọ́ fi sínú ìbọn Lebel ní 1886, ni ó mú kí ọta yára tó bẹ́ẹ̀ tí òjé lásán kò lè gbà á mọ́, tí wọ́n fi ní láti fi irin mìíràn bò ó.

Ẹ̀tù dúdú ni ìyọnu tiyín. Nínú ìpín 100 rẹ̀, nǹkan bí 75 jẹ́ iyọ̀ tí a ń pè ní sọ́ọ̀tì-pítà, 15 jẹ́ èédú, 10 sì jẹ́ imí ọjọ́. Bí ó bá jó, ó lé ní ìdajì rẹ̀ tí kò di afẹ́fẹ́, tí ó ń di eérú oníyọ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń bá èéfín jáde, ìyókù ń lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá, ó sì ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Kẹrosíìnì kì í yọ́ iyọ̀; omi ni ó ń yọ́ ọ. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí ẹ bá ta á, kí ẹ tó sùn, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí ẹ̀tù nínú rẹ̀: ẹ yọ ìdérí iná, ẹ ti ọ̀pá bọ ẹnu ìbọn títí yóò fi kan ìsàlẹ̀, kí ẹ wá fi ìwọ̀n rẹ̀ wé ẹ̀yìn ọ̀pá ìbọn lóde. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ da omi gbígbóná àti ọṣẹ sí i lẹ́nu, kí ó máa gba ihò iná jáde, títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Omi gbígbóná yóò mú kí irin tètè gbẹ. Ẹ nù ún gbẹ dáadáa, ẹ fi epo pa á, kí ẹ sì tún yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ kejì.

ÌBÉÈRÈ: Ìlà eérú kan wà nínú ìbọn ẹlẹ́nu méjì mi. Ọmọ mi ní kí n ra oògùn bàbà. Ṣé kí n rà á? — Bàbá àgbà kan, Ṣàgámù.

ÌDÁHÙN: Ẹ má nawó sí i, Bàbá. Òjé kéékèèké ni ìbọn yín ń ta, inú ife ike ni ó sì máa ń wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọta òde òní, nítorí náà òjé tàbí ike ni ìlà náà. Búrọ́ọ̀ṣì idẹ tí mo kọ̀ fún ará Ìjẹ̀bú-Òde gan-an ni ó tọ́ sí yín, pẹ̀lú oògùn ìfọbọn lásán. Ẹ gbo ìdí ọ̀pá àti ibi tí ihò ti ń fún lẹ́bàá ẹnu dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni ìdọ̀tí náà máa ń pọ̀ sí, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ, nítorí òjé.