Owó wà o, àmọ́ ẹ má tíì gbé ṣọ́bìrì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire ilé tuntun, Ọlọ́run á jẹ́ ká fi ọmọ àti ayọ̀ lò ó. Ẹ ní ẹ̀yìn ilé yẹn koríko nìkan ni títí dé etí odò kékeré kan, pé ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ fún yín pé ní ìpínlẹ̀ Maryland níbí ní Amẹ́ríkà, ìjọba máa ń sanwó fún èèyàn kó hú koríko kó sì gbin igi, ẹ wá ń béèrè bóyá òótọ́ ni àbí gbájú-ẹ̀. Òótọ́ ni. Èmi náà ti gbà nínú ẹ̀, mo sì ti pàdánù nínú ẹ̀, èyí tí mo pàdánù yẹn gan-an ló là mí lójú, torí náà ibẹ̀ ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ ṣe é, mo gbọ́ pé rebate wà, ìyẹn owó tí káńtì (ìjọba ìbílẹ̀ wa) máa ń dá padà fún èèyàn, inú mi dùn, mo ní kí n tètè ṣe é kí òtútù tó dé. Mo gbàyè ọjọ́ mẹ́ta níbi iṣẹ́, mo pe kọngílá kan, a hú gbogbo koríko iwájú ilé, a gbin òdòdó àti igi wẹ́wẹ́, a da èérún igi sí gbogbo ìdí ẹ̀, ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là tó jáde lápò mi. Ìgbà tí mo wá kọ fọ́ọ̀mù tí mo so rìsíìtì mọ́ ọn, íméèlì tó padà wá ò ju ìlà mẹ́ta lọ: àwọn kì í san owó iṣẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ káwọn tó fọwọ́ sí i. Ó wà nínú ìwé wọn lóòótọ́, èmi ni mi ò kà á dé ibẹ̀. Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wo òdòdó yẹn láti ojú fèrèsé láràárọ̀, ẹ̀yin náà mọ irú ìwò yẹn.

Ẹ jẹ́ kó yé yín pé wọn kì í kó owó yìí fún yín kẹ́ ẹ fi lọ ra nǹkan. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ ná an, wọ́n á wá dá a padà, nígbà míì gbogbo ẹ̀, nígbà míì apá kan. Ẹ kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n á wá wo ilẹ̀ tàbí kí wọ́n ní kẹ́ ẹ fi fótò ránṣẹ́, wọ́n á kọ̀wé pé ó dáa, ìgbà yẹn lẹ tó máa gbẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá ṣe tán wọ́n á tún wá yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà ni ṣẹ́ẹ̀kì á wá bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìgbín. Tèmi lẹ́ẹ̀kejì gba oṣù méje. Ẹ má fi owó school fees ọmọ ṣe é o.

Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn náà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tún kàgbákò. Kọngílá ní òun ò rí igi kan tó wà nínú ìwé rà, ó lọ fi nandina rọ́pò ẹ̀, ó ní èso ẹ̀ pupa ó rẹwà. Ẹni tó wá yẹ iṣẹ́ wò ò tiẹ̀ sún mọ́ ọn kó tó fa ìlà lé e. Igi ilẹ̀ Éṣíà ni, èso tó ń rẹwà yẹn ní májèlé tó ń pa ẹyẹ tó bá jẹ ẹ́ yó. Igi tó jẹ́ ti ilẹ̀ Maryland níbí ni wọ́n ń sanwó fún, kò kàn wọ́n bóyá ó rẹwà. Èmi ni mo hú u, èmi náà ni mo sanwó òmíràn. Látìgbà yẹn, orúkọ tó wà lára ike ọ̀gbìn ni mò ń kà, mi ò gba ọ̀rọ̀ ẹnu mọ́.

Káńtì tó bá ń ṣe é ló ní ètò tiẹ̀. Montgomery ń pe tiwọn ní RainScapes, Prince George's ń pe tiwọn ní Rain Check. Tèmi ò sí nínú méjèèjì, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ lọ gba CREP, ètò owó kan ti ìjọba àpapọ̀, ẹ dá a lóhùn pé ẹ ṣeun, àwọn àgbẹ̀ tó ní oko létí odò ló wà fún, koríko ẹ̀yìn ilé ò sí níbẹ̀. Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣòfò lórí ìyẹn.

Ẹ má rò pé àánú wa ló ń ṣe wọ́n o. Odò ẹ̀yìn ilé tèmi ń wọ odò Patuxent, Patuxent ń wọ Chesapeake, ìyawọlẹ̀ omi òkun ńlá tó wà níbí, ìpínlẹ̀ mẹ́fà pẹ̀lú Washington DC ni omi wọn ń dà sí ibi kan náà yẹn. Ní 2010 EPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àyíká, fi gbèdéke lé ìwọ̀n nitrogen, phosphorus (èròjà tó wà nínú ajílẹ̀) àti ẹrẹ̀ tó gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀, torí náà gbogbo igi tẹ́ ẹ bá gbìn, ẹnìkan ń kà á sínú ìwé kan níbì kan. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò ní òun ò ní wólé, onílé ni ò ní gbà fún un. Koríko tí wọ́n ń gé mọ́lẹ̀ ò lè dá àgbàrá dúró, gbòǹgbò ẹ̀ ò jìn, ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ á ti le bíi síméńtì. Kí n tó gbin nǹkan kan, òjò ti gba ilẹ̀ tó tó ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ lára bèbè odò mi.

Ọ̀rọ̀ etí odò gangan, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí, torí igi ọ̀fẹ́ wà níbẹ̀. Àwọn Maryland Forest Service, iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó igbó, ní ètò kan tó ń jẹ́ Backyard Buffers fún ẹni tí odò tàbí kòtò omi bá wà nínú ilẹ̀ ẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Wọ́n á di ọmọ igi fún yín, gbòǹgbò lásán láìsí yẹ̀pẹ̀, nígbà ìrúwé lẹ máa lọ gbé e, àmọ́ ẹ ti gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ ṣáájú. Bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wà nínú tèmi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ igi tó ti dàgbà díẹ̀, ètò ìpínlẹ̀ míì, Marylanders Plant Trees, máa ń yọ dọ́là 25 lórí igi tó bá tó 50 dọ́là sókè ní àwọn nọ́sìrì tó wà nínú ètò náà. Ìpínlẹ̀ Maryland ṣe òfin ní 2021 pé àwọn máa gbin igi mílíọ̀nù 5 kí ọdún 2031 tó parí, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí ara wọn fi yá gágá.

Àmọ́ àgbọ̀nrín ò ka òfin o! Ìdì àkọ́kọ́ tí mo gbìn, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ ó ku mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kejì mo fi páìpù oníke tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún bo ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kan èèkàn mọ́ ọn, ogún ló yè. Owó páìpù ló wọ́n nínú gbogbo ẹ̀, torí náà ẹ bi wọ́n nínú fọ́ọ̀mù bóyá wọ́n ń san ìyẹn náà. Sycamore àti river birch ló dáa jù lọ́wọ́ mi. Silky dogwood àti black willow tó wà lẹ́nu omi, mi ò rà wọ́n rárá, mo gé ẹ̀ka ẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò kí ewé tó yọ, mo gún un mọ́ ẹrẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń gún pèrègún nílé, ó hù.

Kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ohunkóhun ẹ pe nọ́ńbà fóònù 811 kí wọ́n wá fi àmì sí ibi tí wáyà àti páìpù gáàsì gbà, ọ̀fẹ́ ni. Tí odò yín bá wà nítòsí ibi tí omi òkun ń wọ̀ tó ń jáde, ẹ bi káńtì bóyá ẹ wà nínú Critical Area, ìyẹn ilẹ̀ tí òfin dáàbò bò láàárín ẹsẹ̀ bàtà 1,000 sí omi, ẹ ò lè déédéé gé igi kan níbẹ̀.

HOA, ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò tó ń ṣòfin bí ilé á ṣe rí, náà á kọ̀wé. Wọ́n kọ sí mi pé iwájú ilé mi ti di igbó. Òfin Maryland ti 2021 ò jẹ́ kí wọ́n fipá mú èèyàn gbin koríko nìkan, mo fi ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n rọlẹ̀ díẹ̀. Ohun tó pa wọ́n lẹ́nu mọ́ pátápátá ni pé mo fi koríko gígé tó fẹ̀ tó ìgbésẹ̀ méjì sílẹ̀ lẹ́bàá etí títì, kó hàn pé ẹnìkan ń tọ́jú ẹ̀. Nígbà tí labalábá wá bẹ̀rẹ̀ sí í bà lé òdòdó milkweed tí mo gbìn, ìyá alága wọn fúnra ẹ̀ wá ya fótò.

Ẹ lọ ya fótò koríko yẹn báyìí, láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ọjọ́ hàn lórí ẹ̀, kẹ́ ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan títí ìwé wọn á fi dé. Ẹ sì kọ káńtì tẹ́ ẹ wà síbí. Páìpù mọ́kànlá ṣì kù nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, tí ọ̀nà ò bá jìn ẹ wá gbé e.