Kí o tó ra ẹ́ńjìnnì 650 fún Camaro àtijọ́ yẹn

Àbúrò mi, mo fara balẹ̀ ka ìbéèrè rẹ. O ní o ti ra Chevrolet Camaro ọdún 1968, pé ẹ́ńjìnnì 327 (ìwọ̀n inú sílíńdà rẹ̀ ní íńṣì kúbíkì nìyẹn) tí ó bá a jáde ní ilé iṣẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀, pé o fẹ́ yọ ọ́ kí o sì fi ẹ́ńjìnnì ìgbàlódé tí agbára ẹṣin rẹ̀ tó 650 sí ipò rẹ̀, o wá ń béèrè gíábọ́ọ̀sì tí yóò bá a mu. Màá dé orí gíábọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Èmi náà fi LS3, ẹ́ńjìnnì V8 ìgbàlódé ti Chevrolet, sínú Camaro 1969 tèmi níbí ní Houston. Iṣẹ́ tí mo fojú bù sí oṣù mẹ́jọ gba ọdún mẹ́ta gbáko, kò sì sí ọjọ́ kan nínú ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì gan-an ni ó dá mi dúró.

Kọ́kọ́ wo iye tí o fẹ́ fi kún un. Bí 327 tìrẹ bá jẹ́ èyí tí ó rẹlẹ̀ jù lọ ní ọdún náà, agbára ẹṣin 210 ni ilé iṣẹ́ kọ sí i lára. Nígbà yẹn, wọ́n máa ń wọn ẹ́ńjìnnì lórí ìdúró nìkan ni, láìsí sàlẹ́ńsà ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, láìsí àwọn ohun tí ó ń jẹ nínú agbára rẹ̀; nǹkan bí ọdún 1972 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n pẹ̀lú gbogbo ẹrù tí ó ń gbé nínú ọkọ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a fi 450 tí wọ́n kọ sí Chevelle SS 454 (ọkọ̀ Chevrolet mìíràn) tí ó lágbára jù lọ ní ọdún 1970 wé 430 tí wọ́n kọ sí LS3, nítorí òṣùwọ̀n wọn kò dọ́gba. Bí tìrẹ bá jẹ́ 210 yẹn, 650 ti òde òní tí o ń wá yìí ju ìlọ́po mẹ́ta agbára tí àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ rẹ ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń yan bíréèkì rẹ̀, jíá ẹ̀yìn rẹ̀ àti irin tí ó gbé e dúró.

Bíréèkì ni ọ̀rọ̀ kàn. Púpọ̀ nínú àwọn Camaro ìgbà náà ni ó jáde pẹ̀lú bíréèkì dúrọ́ọ̀mù ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àfi ẹni tí ó bá fi owó kún owó kí wọ́n tó fi dísìkì sí iwájú. Dúrọ́ọ̀mù ni tèmi, mo sì sọ fún ara mi pé bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́ tán ni màá tó dá sí i. Ní ọjọ́ kẹta tí ọkọ̀ náà bọ́ sí títì, mo ń bọ̀ lójú ọ̀nà tí ó bá márosẹ̀ rìn, eré mi kò ju máìlì 60 ní wákàtí kan lọ, iná sì di pupa níwájú mi. Mo tẹ bíréèkì, ó mú díẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, pẹ́dà náà le bí òkúta, ọkọ̀ sì ń lọ. Ó kọjá ìlà funfun, ó ki imú bọ àárín oríta kí ó tó dúró. Àwọn tí ó ń bọ̀ láti ọwọ́ òsì yà fún mi. Òórùn bíréèkì tí ó jóná gba ìsàlẹ̀ wọlé, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi sì ń gbọ̀n lórí pẹ́dà títí iná fi di àwọ̀ ewé tí ó tún fi di pupa. Ọ̀gá tí ó kọ́ mi níṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìbàdàn kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan ṣíná ọkọ̀ tí a kò tíì yẹ bíréèkì rẹ̀ wò. Mo mọ èyí láti kékeré, mo sì pa á tì nítorí pé ohùn ẹ́ńjìnnì náà ń wù mí í gbọ́.

Nítorí náà, ra dísìkì fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí o sì ra másítà (ohun tí ó ń ti ọ́ìlì bíréèkì lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀) tí ó bá wọn mu. Bí o bá yan ẹ́ńjìnnì tí kámúṣáàfù rẹ̀ (ọ̀pá tí ó ń ṣí fáàfù) tóbi, béèrè nípa bíréèkì lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tà á, nítorí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kì í fa afẹ́fẹ́ tó láti ran ẹsẹ̀ rẹ lọ́wọ́ lórí pẹ́dà.

Jíá ẹ̀yìn ni ó tẹ̀ lé e. Àwọn Camaro tí ẹ́ńjìnnì wọn kò tóbi sábà máa ń ní èyí tí wọ́n ń pè ní 10-bolt (nọ́ọ̀tì mẹ́wàá ni ó di ìdérí rẹ̀ mú). Ó tó agbára tí wọ́n ṣe é fún. Kò tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Oṣù mẹ́rin péré ni tèmi lò lẹ́yìn LS3. Nígbà tí mo ṣí ìdérí rẹ̀, eyín jíá mẹ́ta ni mo fi ìka ṣà nínú ọ́ìlì dúdú náà, ojú ibi tí wọ́n ti kán sì mú bí abẹ. 12-bolt ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn mìíràn ń lo jíá ẹ̀yìn 9-inch ti Ford, n kò sì ní í bá wọn jiyàn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ronú kàn ni ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Camaro kò ní ṣáásí tí ó gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn bíi ti Chevelle. Férémù kúkúrú kan ni wọ́n dè mọ́ iwájú rẹ̀, ara ọkọ̀ ni ó sì gbé ìyókù. Bí agbára bá pọ̀ jù, ara náà á máa lọ́. Ilẹ̀kùn awakọ̀ ni ó kọ́kọ́ fi hàn mí: àlàfo òkè lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà, tí ìka ọmọdé lè wọ̀ tẹ́lẹ̀, dín kù títí tí èékánná mi kò fi lè wọ ibẹ̀ mọ́, ọ̀dà ibẹ̀ sì ti ń bó. Irin méjì tí wẹ́dà jó mọ́ abẹ́ ọkọ̀, láti férémù iwájú dé ìdí sípíríńgì ẹ̀yìn, ni ó dá a dúró. Jẹ́ kí ọkọ̀ wà lórí táyà rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń jó o. Bí ó bá ń fì lórí jáàkì, ara tí ó ti wọ́ ni wọ́n máa jó mọ́ irin.

Epo gba owó mi lẹ́ẹ̀mejì. Pọ́ńpù tí ó ń fún kábúrétọ̀ ní epo kì í sábà ju psi (òṣùwọ̀n agbára ìtì) 5 sí 7 lọ, LS3 sì ń fẹ́ 58. Mo so pọ́ńpù oníná mọ́ abẹ́ ọkọ̀ níta tánkì nítorí pé owó rẹ̀ kò pọ̀. Irú pọ́ńpù yẹn mọ epo í tì, kò mọ̀ ọ́n fà, ooru oṣù kẹjọ ní Houston kò sì ràn án lọ́wọ́. Bí epo bá ti dín kù nínú tánkì, tí mo sì yí kọ́nà tí ó gòkè wọ márosẹ̀, epo á ṣí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ́ńjìnnì á kú, ọkọ̀ akẹ́rù á sì máa fọn fèrè lẹ́yìn mi. Tánkì tí pọ́ńpù wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì fi irin pẹlẹbẹ pín inú rẹ̀ kí epo má baà sá fún pọ́ńpù, ni kí o rà lẹ́ẹ̀kan.

Wo iwájú ẹ́ńjìnnì LS, ìran tí LS3 ti wá, wàá rí ọ̀pá tín-ínrín kan tí ó so orí méjèèjì tí ẹ́ńjìnnì náà ní pọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé oru tí ó há sókè omi jáde. Rédíétọ̀ àtijọ́ kò ní ibi tí a lè so ó mọ́, mo bá dí i pa. Gééjì ooru á dúró jẹ́ẹ́ ní 200 Fahrenheit, á ṣàdédé fò lọ sí 240, á tún balẹ̀. Mo pààrọ̀ fáànù, mo pààrọ̀ pọ́ńpù omi, kí n tó mọ̀ pé ihò kan ṣoṣo lára rédíétọ̀ ni ó ń fẹ́.

Ní ti wáyà, ra ẹ́ńjìnnì àti brain box rẹ̀ (kọ̀ǹpútà tí ó ń darí rẹ̀) lọ́wọ́ ẹnì kan náà. Kíráńkì LS ní àwo eléyín kan tí sẹ́ńsọ̀ ń kà. Ti àwọn ẹ́ńjìnnì LS àkọ́kọ́ jẹ́ 24, ti LS3 jẹ́ 58. Brain box tí mo rà lọ́tọ̀ ń retí 24. Ẹ́ńjìnnì ń yí, kò sí iná lẹ́nu púlọ́ọ̀gì, mo sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tú wáyà tí kò ṣẹ̀ mí.

Gíábọ́ọ̀sì wàyí. Má ṣe fi gíábọ́ọ̀sì 4L60E àlòkù láti ara ọkọ̀ akẹ́rù sẹ́yìn 650, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ rọjú tó. Bí o bá fẹ́ èyí tí ó ń yí jíá fúnra rẹ̀, 4L80E ni. Bí o bá fẹ́ fi ọwọ́ yí i, T56 oníjíá mẹ́fà ni. Méjèèjì tóbi, T56 á sì jẹ́ kí o gé ilẹ̀ ọkọ̀ rẹ. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti wà ní ìdè, tí ọkọ̀ sì dúró lórí táyà, ni kí o tó wọn gígùn propeller.

Èrò tèmi ni pé kí o fi LS3 oní-430 bẹ̀rẹ̀. Bí 327 rẹ bá jẹ́ ti 210, ó ti ju ìlọ́po méjì ohun tí o ní lọ, ó sì fúyẹ́ ju 327 onírin yẹn, tó bẹ́ẹ̀ tí o lè ní láti pààrọ̀ sípíríńgì iwájú kí imú ọkọ̀ má baà gbé sókè. Má ta 327 náà. Bí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára bá bá ti ọkọ̀ mu, ta ọ́ìlì sínú sílíńdà rẹ̀, fi ọ̀rá wé e, kí o sì tọ́jú u síbi tí òjò kò lè dé.

Ṣùgbọ́n kí o tó náwó kankan lọ́sẹ̀ yìí, gbé ọkọ̀ náà sókè, yọ táyà iwájú méjèèjì, kí o sì sọ fún mi bóyá dísìkì ni o rí níbẹ̀ tàbí dúrọ́ọ̀mù. Ka iye nọ́ọ̀tì tí ó wà lára ìdérí jíá ẹ̀yìn pẹ̀lú. Láti ibẹ̀ ni màá ti lè sọ iye tí iṣẹ́ náà máa gbà lọ́wọ́ rẹ gan-an.